Àwọn Obìnrin Ìgò Kẹrin

Àwọn obìnrin ìjọ pé jọ sí pálọ̀ Ọmọ́bọ́lá ní Thamesmead lọ́sàn-án Sátidé láti bá a dúpẹ́, nítorí iṣẹ́ abẹ ọkàn tí wọ́n ṣe fún un ti yọrí sí rere. Orin kò tíì lọ títí tó fi gbọ́wọ́ sókè.

"Ẹ má dúpẹ́ fún mi o," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ń gbé mi wọ theatre, kì í ṣe Daddy ni mo rò, kì í ṣe àwọn ọmọ mi. Doyinsọ́lá ni mo rò. Mo ti ṣẹ ọmọ yìí, ẹ̀yin náà sì bá mi ṣe é láìmọ̀."

Doyinsọ́lá gbójú sókè lẹ́bàá fèrèsé. Ọmọ gbogbo wọn ni. Wọ́n pọ̀n ọ́n ní kékeré, ó wá di ẹni tó ń gba oyè dókítà ní yunifásítì. Igi kúkúrú kan ló ń ṣiṣẹ́ lé lórí, èyí tí àwọn ará Tibet ti ń fi ewé rẹ̀ ṣe oògùn láti ayébáyé. Ó ti ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn: "Ẹ ṣáà mọ àgbo. Nǹkan púpọ̀ ló wà nínú ẹ̀, ta ló mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́? A máa tú ewé yẹn palẹ̀ bit by bit, títí a máa fi rí ohun náà gan-an tó ń yọ́ ọ̀rá." Ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n pín in sí, ìgò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú kápúsù tirẹ̀. Obìnrin mọ́kànlá láti ìjọ ló gbà láti dán an wò. Ìgò kẹrin ni wọ́n fún gbogbo wọn, àwọn ẹlòmíràn níbòmíràn ló gba ìyókù.

Ìfẹ́ ló ba nǹkan jẹ́. Ọmọ́bọ́lá fúnra rẹ̀ ló kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún, kí Ọlọ́run lè bù sí iṣẹ́ Doyinsọ́lá. Kò sí oúnjẹ, kò sí omi, títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe. Ẹni tó ń gbé arúgbó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láti òwúrọ̀, tí ikùn rẹ̀ ṣófo, ṣé kò ní rù? Wọ́n rù, wọ́n ń so ìró le, wọ́n ń yin Ọlọ́run pé àdúrà ti gbà. Ìwé tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sí sì ń bi wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bóyá wọ́n yí oúnjẹ wọn padà.

"Èmi ni mo ní kí ẹ kọ No," ni Ọmọ́bọ́lá wí. "Mo ní Jésù sọ pé kí ẹni tó ń gbààwẹ̀ má ṣe jẹ́ kí ènìyàn mọ̀. Ìyẹn, mo lè pè é ní àìmọ̀kan. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ."

Ó sọ ti Chloe, ọmọ òyìnbó tí òun àti Doyinsọ́lá jọ ń ṣiṣẹ́. Chloe ni wọ́n ní kó yọ ohun tó ń yọ́ ọ̀rá jáde nínú ìgò kẹrin. Ó wá a fún oṣù mẹ́fà, kò rí nǹkan kan. Ó wá kan ilẹ̀kùn Ọmọ́bọ́lá lọ́jọ́ kan, ó ní, "Please, did any of you change how you eat? Anything at all?"

"Ojú mi là lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ẹ̀ yé mi," ni Ọmọ́bọ́lá wí, omijé ń bọ́. "Mo sì wo ojú ọmọ ọlọ́mọ, mo ní, 'No, my dear. We ate normal.' Mo rò pé tí mo bá sọ òótọ́, iṣẹ́ Doyin ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìkà ni mí. Wọ́n ní Chloe ló ba ewé jẹ́, wọ́n lé e kúrò nídìí iṣẹ́ náà. Wọ́n da ìgò mẹ́rin tó kù nù, torí wọ́n rò pé ìgò kẹrin nìkan ló ń ṣiṣẹ́."

Fọlákẹ́mi tó ń gbé ní àdúgbò Connaught ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Sister, èmi ò lè gba ààwẹ̀ yẹn nítorí ìtọ̀ ṣúgà. Mo lo kápúsù yẹn tán, mi ò rù rárá."

Doyinsọ́lá yíjú sí i. "Auntie, ẹ̀yin ni number nine? A yọ yín kúrò. We thought ẹ ò lò ó ni." Ó fọwọ́ bo ojú. "Three years, Mummy. Oṣù tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ submit ìwé oyè mi."

Ọmọ́bọ́lá rọra kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tó pọ̀n dàgbà, tòun ti ojú abẹ tí kò tíì jinná láyà rẹ̀. "Foríjì mí. Ẹ̀yin ọmọdé tó wà níbí, ẹ má fi irọ́ ran ẹni tí ẹ fẹ́ràn lọ́wọ́ láé."

"Ẹ dìde, Mummy, ẹ jọ̀ọ́." Doyinsọ́lá fà á dìde, àwọn méjèèjì ń sunkún. Inú bí i gidigidi, kò sì purọ́ pé kò bí òun. Ó gbé fóònù, ó pe Chloe, ṣùgbọ́n nígbà tí ìyẹn dáhùn, ó nà án sí ìyá náà. Ọmọ́bọ́lá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Chloe, it's the woman in Thamesmead. You asked me one question. Mo parọ́ fún ẹ." Ó rántí pé ọmọ náà kò gbọ́ Yorùbá. "I lied to you. We were fasting, nearly all of us. Please forgive me."

Ohùn tó wá láti òdìkejì kéré.

"So it wasn't me?"

"Rárá, ọmọ mi," ni Ọmọ́bọ́lá wí. "It was never you."