Oyè Tí Wọ́n Torí Rẹ̀ Mú Ọkọ Mi

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ọpẹ́ ló gbé mi dìde. Bí kì í bá ṣe ti Ọlọ́run ni, aṣọ ọ̀fọ̀ ni ẹ̀ bá bá lára mi lónìí.

Àwọn tí kò mọ̀ mí, èmi ni Ìyá Tínúkẹ́ aránṣọ, ní Akpakpa níbí. Ọkọ mi ni gbẹ́nàgbẹ́nà tí ẹ fi jẹ Balógun Ìjọ lọ́dún tó kọjá. Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí àwọn ọmọ ogun àjèjì ti fi ọkọ̀ òfuurufú já wọ Kòtònú, ṣe ni gbogbo wa ń ṣọ́ ara wa. Mi ò wá sọ̀rọ̀ ìjọba o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ni mo wá sọ.

Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, sọ́jà méjì wọ ibi iṣẹ́ ọkọ mi. Wọ́n ní, "Ta ni Balógun?" Ó rò pé iṣẹ́ ni wọ́n gbé wá. Ó ní, "Èmi ni." Bí wọ́n ṣe mú un lọ nìyẹn, pẹ̀lú eruku pákó lórí.

Mo sáré lọ sí kọ̀mísáríà, àgọ́ àwọn ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá tó jókòó síbẹ̀ pè mí bí ìjọba ṣe ní ká máa pe ara wa, ó ní, "Kámáràdì, kí ni orúkọ ọkọ rẹ?"

Ẹ̀yin ìyá, láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé ọkọ, orúkọ rẹ̀ kò tíì jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Bàbá Tínúkẹ́ ni." Ó wo ìwé rẹ̀ títí, ó ní kò sí Tínúkẹ́ níbẹ̀. Mo wá gbé ìtìjú tì, mo ní, "Rafaẹli Adéṣínà," orúkọ tí wọ́n fi so wá pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó tún wò ó. Kò sí. Ó ní kí n lọ bi wọ́n léèrè ní kọ̀mísáríà tó wà lápá Ganhi. Kò sí níbẹ̀ náà. Mo ń gbé abọ́ oúnjẹ lọ, mo ń gbé e bọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rù kan bà mí tí mi ò lè sọ fún àwọn ọmọ: ẹni tí wọ́n mú lójú gbogbo ayé, tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé, ibo ló wà?

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ìyá méjì nínú ẹgbẹ́ wa wá bá mi nílé. A kúnlẹ̀ lórí ẹní. Mi ò lè gbàdúrà gígùn. Mo kàn ń sọ pé, "Olúwa, Ìwọ mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é níbi tó wà. Fi hàn mí." A ò tíì ṣe àmín tán tí ọkàn mi fi lọ sí àpótí rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ṣí i. Mo rí ìwé àtijọ́ kan tó ní òǹtẹ̀ ilé ìwé.

Mi ò mọ̀wé. Mo gbé e lọ bá Mìsíé Sálíù, tíṣà tí ilé wa kángun sí ara wọn, mùsùlùmí ará Ṣakété. Ó kà á, ó wò mí.

"Ìyá Tínúkẹ́, Adéṣínà kọ́ ló wà níbí o. Ọ̀tún Rafaẹli ni wọ́n kọ. Ta ni Ọ̀tún?"

"Bàbá ọkọ mi ni. Òun ni Ọ̀tún ìlú ní Pobè kó tó kú. Kò sẹ́ni tó ń pè é lórúkọ mìíràn."

Ó ní, "Ó yé mi. Akọ̀wé bi ọmọ pé kí lorúkọ bàbá rẹ, ohun tí ọmọ ń gbọ́ ló sọ. Oyè bàbá ló di orúkọ ọmọ lọ́dọ̀ ìjọba."

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti wà nílé ọkùnrin yìí, mi ò mọ̀.

Mìsíé Sálíù dé fìlà. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Bàbá Làtí, ọ̀rọ̀ sọ́jà lẹ fẹ́ lọ kó sí? Ẹ ní ọmọ nílé o."

Ó ní, "Òun náà ní ọmọ."

Kọ̀mísáríà àkọ́kọ́ yẹn náà la padà sí. Ọ̀tún Rafaẹli wà níbẹ̀ láti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ mẹ́ta, ògiri ló wà láàárín èmi àti òun. Ọ̀gá wọn pè wá wọlé, ó gbé lẹ́tà kan síta. Ó ní ọwọ́ dẹ́rẹ́bà ni wọ́n ti gbà á, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò lọ́nà Àjàṣẹ́. Mìsíé Sálíù kà á sókè: "Sí Balógun wa ní ìjọ Akpakpa. Ogójì ènìyàn ni a ó jẹ́. A ó wọ̀lú ní Àbámẹ́ta. Ẹ bá wa wá ilé tí a ó kó ẹrù wa sí."

Ẹ̀yin akọrin Pobè, lẹ́tà yín nìyẹn.

Ọ̀gá náà ní, "Wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Balógun, olórí ogun ni. Kí ni ṣọ́ọ̀ṣì ń fi olórí ogun ṣe?"

Mo yára sọ sí Mìsíé Sálíù létí pé àwọn akọrin Pobè tó ń bọ̀ wá bá wa ṣe ìkórè ló kọ ọ́. Mìsíé Sálíù kò gbóhùn sókè. Ó ní, "Kámáràdì, mọ́ṣáláṣí wa ní Ṣakété ní Balógun tirẹ̀. Arúgbó ni. Ọ̀pá ló fi ń rìn. Oyè lásán ni. Akọrin ni ogójì ènìyàn yẹn, ìkórè ni wọ́n ń bọ̀ wá ṣe."

Ọ̀gá náà ní ká dákẹ́. Ó ní kí wọ́n mú ọkọ mi wá. Ó wọlé, irùngbọ̀n ti hù. Kò gbọ́ ohun tí a ti sọ. Ọ̀gá náà bi í pé, "Ìwọ Balógun, kí ni iṣẹ́ rẹ nínú ìjọ yẹn?"

Ọkọ mi ní, "Mo máa ń kan àga tó bá ṣẹ́. Bí ìsìn bá parí, èmi ni mo ń ti ilẹ̀kùn."

Ọ̀gá náà wo ọkọ mi, ó wo Mìsíé Sálíù, ó pa fáìlì dé. Ó ní ká padà wá lọ́jọ́ kejì. Mi ò sùn, àdúrà ni mo ń gbà. Ní Ọjọ́ Ẹtì, kó tó di ọ̀sán, wọ́n ní kó fọwọ́ sí ìwé kan, wọ́n fi í sílẹ̀. Mo ní kí Mìsíé Sálíù wá jẹun nílé wa. Ó ní àkókò Jímọ̀ ti tó, ó gba ọ̀nà mọ́ṣáláṣí rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ará, ọkọ mi ló jókòó lórí àga kejì yẹn. Ojú rẹ̀ ti rù díẹ̀, ṣùgbọ́n ó jẹun láàárọ̀ yìí. Ọlọ́run ló rán ẹni tí kì í bá wa jọ́sìn láti wá bá wa sọ̀rọ̀ níwájú ẹni tí à ń bẹ̀rù. Ẹ bá mi gbàdúrà fún ilé rẹ̀. Gbogbo ogo, ti Olúwa ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ènìyàn yín, ẹ ó rí i. Bàbá Tínúkẹ́, ẹ dìde, kí ìjọ rí yín. Ẹ̀yin akọrin, ẹ gbé orin ọpẹ́, kí gbogbo wa jó.