Omi Ògógóró Tí Mo Dà Sóko Ìyáálé Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣépè fún mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ọdún mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni ìyáálé mi ń lọ Mẹ́kà, ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí nìyẹn.

Mi ò fẹ́ràn obìnrin náà. Kí n má parọ́. Bí mo bá se ọbẹ̀, á tọ́ ọ wò, á wo ojú ọkọ wa, á ní, "Ẹ fara dà á, ọmọdé ló sè é." Mo bímọ mẹ́ta, ọmọdé náà ni mo ṣì jẹ́!

Àwa méjèèjì ń gbin ẹ̀fọ́ ní Alábàtà. Ẹnì kan ń se ògógóró nítòsí ibẹ̀. Omi tó máa ń ṣẹ́kù nídìí àgbá rẹ̀ ni ìyáálé mi ń gbà. Á jẹ́ kó tutù, á bu omi púpọ̀ là á, á wá dà á sídìí ẹ̀fọ́. Tẹ̀tẹ̀ rẹ̀ ń tóbi, àwọn alátà ọjà Ìtòkú ń jà du ú. Mo ní kó kọ́ mi. Ó ní, "Wo tìrẹ."

Níjọ́ kan, ó fa ẹ̀fọ́ mi tu níwájú àwọn oníbàárà, ó ní ewúrẹ́ gan-an ò lè jẹ ẹ́. Háà! Mo ní màá san án fún un.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó lọ sí àsàlátù, mo lọ gba omi náà bó ṣe ń hó. Ológógóró rò pé ìyáálé mi ló rán mi. Mi ò bu omi kankan là á. Mo dà á sórí gbogbo ebè rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta, ẹ̀fọ́ ti jóná. Òórùn ọtí gba gbogbo oko. Àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù rẹ̀ gbọ́, wọ́n ní Ọlọ́run ló bínú sí i, pé mùsùlùmí ń fi ìdọ̀tí ọtí gbin ẹ̀fọ́ fáráyé jẹ. Wọ́n gba oyè Ìyá Àdínì lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Ológógóró ni wọ́n ń pè é títí dòní. Ó fi oko sílẹ̀. Mo dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, mo tún rẹ́rìn-ín.

Lánàá, ó wá bá mi ní yàrá. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó ń lọ Mẹ́kà a máa tọrọ àforíjì káàkiri. Ó kúnlẹ̀ fún mi, èmi ìyàwó kékeré!

Ó ní, "Ìyàwó, bí mo bá ti ṣẹ̀ ọ́ rí, forí jì mí. Mi ò fẹ́ kí Ọlọ́run tún bínú sí mi bíi ti oko yẹn."

Mo ní, "Mo ti forí jì yín, Ìyá wa." Èmi ni mo forí jì í o!

Bí mo bá sọ ọ́, ọkọ wa á lé mi jáde. Bí mi ò bá sọ ọ́, ìyáálé mi á gbé ẹ̀ṣẹ̀ tèmi dé iwájú Kábà, á máa sunkún, á máa tọrọ àforíjì lé e lórí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?