Oríkì fún Ọmọ Tó Wọ Pósí

AYỌ̀TÚNDÉ: Àǹtí Rúùtù, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ṣé dáadáa lẹ wà? Bàbá Joy ńkọ́? Àwọn ọmọ—

RÚÙTÙ: A wà. Kí ló ń pariwo lẹ́yìn rẹ yẹn?

AYỌ̀TÚNDÉ: Sítúdíò la wà, n'Ílọrin. Ẹ má bínú. Kolo, pa gìtá yẹn ná! [ìró gìtá dákẹ́] Àǹtí, nǹkan kékeré kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ṣé Màmá wà nítòsí?

RÚÙTÙ: Ó wà níbí. Ó dùbúlẹ̀.

AYỌ̀TÚNDÉ: Ẹ ṣeun. Ẹ wò ó, orin tó kẹ́yìn álúbọ́ọ̀mù wa kẹrin la ń ṣe. A ò ní ṣe òmíràn mọ́. Sàréè ti fẹ́ tú ká—

RÚÙTÙ: Ẹgbẹ́ olórin tó ń jẹ́ Sàréè. Ibo lẹ rò pé ẹ ń lọ tẹ́lẹ̀?

AYỌ̀TÚNDÉ: Àǹtí, please.

RÚÙTÙ: Ó rẹ̀ mí ni, Ayọ̀. Máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n má sọ ìsọkúsọ o, fóònù yìí ń ká gbogbo ìpè sílẹ̀. Bàbá Joy ló tẹ nǹkan kan níbẹ̀, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á.

AYỌ̀TÚNDÉ: Ó rẹ àwa náà. Ganiyat tó bá wa kọ wákà nínú "Sóbò", ilé ọkọ ẹ̀ ní ká yọ ohùn ẹ̀ kúrò.

RÚÙTÙ: Ẹ̀yin tí ẹ ń mu ẹ̀jẹ̀ lórí ìtàgé!

AYỌ̀TÚNDÉ: Sóbò ni! Ìṣápá lásán tí a sè. Orúkọ álúbọ́ọ̀mù gan-an nìyẹn, a kọ ọ́ gàdàgbà sára ẹ̀!

RÚÙTÙ: Ta ló ń ka ara ẹ̀?

AYỌ̀TÚNDÉ: Àwọn akọrin ìjọ tó bá wa gbe "Ère Kò Fèsì" náà ti— Hello? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

RÚÙTÙ: "Ère" ni mo gbọ́ kẹ́yìn.

AYỌ̀TÚNDÉ: Wọ́n ti sá. Torí pé nídìí àwọn ère òkúta àtijọ́ tó wà ní Èsìẹ́ la ti ya fọ́tò ẹ̀, wọ́n ní à ń bọ wọ́n. Ohùn kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ báyìí. Kí Màmá kì mí. Díẹ̀ péré. Bó ṣe máa ń kì mí láàárọ̀ tí mo bá dọ̀bálẹ̀.

RÚÙTÙ: [ó mí kanlẹ̀] Ìgbà wo ló kì ọ́ gbẹ̀yìn?

AYỌ̀TÚNDÉ: Mo mọ̀—

RÚÙTÙ: O ò mọ̀. Ìwọ lo lọ bá Bàbá Lawrence pé kó kan pósí fún ọ, kó wọ̀n ọ́ látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀—

AYỌ̀TÚNDÉ: Orí ìtàgé la fẹ́ lò ó sí! Fún álúbọ́ọ̀mù àkọ́kọ́—

RÚÙTÙ: Káfíńtà ìjọ wa! Ó rò pé àìsàn kan ló ń ṣe ọ́ tí o fi pa mọ́ fún Màmá. Ló bá sọ fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ. Gbogbo wọn dé tẹkún-tẹkún, wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n bá a kẹ́dùn. Ọmọ tí Màmá sunkún ẹ̀ mọ́jú ló tún ń jùwọ́ sí wa látinú pósí nínú fídíò!

AYỌ̀TÚNDÉ: Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí, Àǹtí.

RÚÙTÙ: Ó ní òun ti sunkún ẹ tán. Ọmọ tó bá fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wọ pósí, òun ò mọ ohun tí òun ó fi kì í mọ́.

AYỌ̀TÚNDÉ: Ẹ ṣáà gbé fóònù sún mọ́ ọn. Ẹ kàn jókòó sí pálọ̀ yẹn—

RÚÙTÙ: A ò sí nílé.

AYỌ̀TÚNDÉ: Ibo lẹ wà?

RÚÙTÙ: Ọsibítù. Níbí náà, ní Òmù-Àrán.

AYỌ̀TÚNDÉ: Kí ló—

RÚÙTÙ: Gẹ̀gẹ̀ ọrùn ẹ̀. Kì í jẹ́ kó mí dáadáa mọ́. Àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Dókítà ní ohùn ẹ̀ lè má padà bó ṣe wà. Ó lè má tiẹ̀ padà rárá. Ṣé o gbọ́ mi?

[ìró àga tí ń sún sẹ́yìn]

RÚÙTÙ: Ayọ̀! Ṣé o gbọ́ mi?

AYỌ̀TÚNDÉ: Mo gbọ́ yín. Kí ló dé tí ẹ ò pè mí?

RÚÙTÙ: Ó ní n ò gbọdọ̀ pè ọ́. Mi ò mọ ẹni tí ǹ bá gbọ́ràn sí lẹ́nu mọ́. Èmi nìkan ni mo wà níbí, Ayọ̀. Ó ti sú mi.

AYỌ̀TÚNDÉ: Kolo, yọ máìkì yẹn. Mo ní kóo yọ ọ́! Àǹtí, ẹ fi ọ̀rọ̀ orin sílẹ̀. Mi ò ká nǹkankan. Ẹ ní kó sinmi. Mò ń lọ wọkọ̀ báyìí.

MÀMÁ: [láti ọ̀ọ́kán, ohùn rẹ̀ há] Ta nìyẹn?

RÚÙTÙ: Ayọ̀ ni, Màmá. Ó ní kí ẹ sinmi.

MÀMÁ: Ó ti jẹun?

RÚÙTÙ: Màmá ní ṣé o ti jẹun.

AYỌ̀TÚNDÉ: Hello? Mi ò gbọ́—

RÚÙTÙ: Ó ní ṣé o ti jẹun!

AYỌ̀TÚNDÉ: Hello? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

MÀMÁ: Gbé e wá. [bẹ́ẹ̀dì ń dún] Àlàó.

RÚÙTÙ: Ẹ rọra, Màmá.

AYỌ̀TÚNDÉ: Ó ń já o. Àǹtí Rúùtù? Àbí Màmá ti sùn?

MÀMÁ: Àlàó, ọmọ Ọlọ́mù. Ọmọ tí mo bí lọ́nà oko, tí òjò ò jẹ́ n délé. [ó wúkọ́] Mi ò sin ọ́. Àlàó, dìde ńlẹ̀, ilẹ̀ ti mọ́—

AYỌ̀TÚNDÉ: Tó bá ti sùn, ẹ má jí i. Mò ń bọ̀. Ṣé ẹ gbọ́—

[ìpè já. Fóònù Rúùtù ti ká gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.]