Àlejò Tó Ti Mumi

Mi ò fẹ́ràn àtimáa gbọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, àmọ́ ẹ̀yìn wọn gan-an ni mo jókòó sí nínú ọkọ̀ tó ń ti Sokodé lọ sí Kambolé: ọmọbìnrin kan tó gbé kọ̀ǹpútà lé itan, àti bàbá àgbẹ̀ kan.

"Bàbá, mo fi Java, èdè tá a fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, kọ ètò kan tó ń bá mi jíṣẹ́. Òjíṣẹ́ yìí wọlé sínú kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ wa, ó sọ ẹni tó jẹ́, kọ̀ǹpútà náà sì gbà á. Tó bá tún lọ bèèrè nǹkan kejì, kọ̀ǹpútà náà á ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Ọ̀la sì ni ọ̀gá mi fẹ́ rí i."

"Nílé wa, àlejò tó bá ti mumi, a kì í tún bi í pé ọmọ ta ni. Ṣé ẹni tó mumi yẹn náà lò ń rán padà?"

Ọmọbìnrin náà ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ń yẹ ohun tó kọ wò títí a fi kọjá Tchamba.

"Rárá, Bàbá. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ni mò ń dá òjíṣẹ́ tuntun sílẹ̀ fún."

"Wàláhì, kọ̀ǹpútà yẹn ò ṣẹ̀ ọ́. Ẹni tí ò tíì mumi lò ń rán sí i."