Èmi Ni Mo Yí Àkọsílẹ̀ Kẹ́hìndé Padà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, kí ẹ tó ṣépè fún mi, ẹ kà á tán. Ọdún mẹ́rin ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi, mi ò sì sọ ọ́ fún ìyá tó bí mi. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo lọ kí obìnrin kan tí ara rẹ̀ ò yá ní Baruwa. Ohun tó sọ fún mi níbẹ̀ ni kò jẹ́ kí n lè pa á mọ́ra mọ́. Tí mi ò bá sọ ọ́ báyìí, màá ya wèrè.

Ọmọ kan kú. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì ló pa á. Èmi mọ̀ pé kì í ṣe nọ́ọ̀sì.

Ọsibítù aládàáni kan lágbègbè Ìgàndò ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ibi tí wọ́n ń kó káàdì àwọn aláìsàn sí ni mo wà. Ẹni tó bá ti lọ sírú ọsibítù bẹ́ẹ̀ rí á mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á wá káàdì yín títí, wọn ò ní rí i, wọ́n á ní kí ẹ lọ gba tuntun. Lọ́dún kan òjò wọ yàrá wa, ó ba káàdì rẹpẹtẹ jẹ́. Bàbá kan tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru dé, a ò mọ oògùn tó ń lò mọ́, òun náà ò mọ orúkọ oògùn náà. Ó ṣáà ń tẹnu mọ́ ọn pé, "Èyí tó pupa yẹn, tó kéré." Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Nítorí náà, nígbà tí Dókítà tó ni ọsibítù ní òun fẹ́ ra kọ̀ǹpútà, kò sẹ́ni tí inú rẹ̀ dùn tó tèmi. Mo ti kọ́ kọ̀ǹpútà ní Ìkòtún kí n tó gba iṣẹ́. Èmi ni mò ń lọ láti yàrá dé yàrá tí mò ń sọ fáwọn nọ́ọ̀sì pé ìyà ti tán.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín o, ẹ̀rọ yẹn ṣe wá lóore. Kí aláboyún tó wọlé, dókítà ti ń wo bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń lọ láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Bí ọjọ́ àjẹsára ọmọ bá ti kù dẹ̀dẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ á wọ fóònù ìyá rẹ̀. Bí ara ẹnì kan ò bá gba oògùn kan, àpótí pupa kan á yọ lókè orúkọ rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé afọ́jú nìkan ni kò ní rí i. Kọ̀ǹpútà ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo ṣẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni pé kí n ka káàdì àtijọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, níwájú àti lẹ́yìn, kí n sì tẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Dókítà ní ká parí rẹ̀ kíákíá. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá mi ṣiṣẹ́ rí, ọwọ́ mi yá, ẹnu mi náà yá. Mo máa ń fi àwọn tó kù ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ìgbín ni wọ́n ṣe ń tẹ tiwọn.

Àmọ́ káàdì ìdílé ló pọ̀ jù ládùúgbò wa. Bàbá, ìyá, gbogbo ọmọ, inú káàdì kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń wà. Ẹni tó bá ń ṣàìsàn lọ́jọ́ náà, nọ́ọ̀sì á kàn kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kọ̀ǹpútà ò gba irú ìyẹn, ó fẹ́ kí olúkúlùkù ní ojú ìwé tirẹ̀. Mo ní láti tú ìdílé kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì ti ń sú mi.

Bó ṣe kan káàdì Ìyá Ìbejì nìyẹn, obìnrin kan tó ń gbé ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Àwọn ìbejì rẹ̀ jẹ́ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà. Mo ti tẹ ti Táíwò tán. Mo wo ti Kẹ́hìndé. Ọjọ́ ìbí kan náà, bàbá kan náà, ojúlé kan náà, nọ́ńbà fóònù ìyá kan náà, kódà ọjọ́ kan náà ni wọ́n gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára wọn. Mo ní kí ló dé tí màá tún máa tẹ gbogbo ìyẹn? Ibì kan wà téèyàn lè tẹ̀ tí ojú ìwé kan á fi di méjì. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo pa orúkọ Táíwò rẹ́, mo kọ Kẹ́hìndé síbẹ̀. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún ẹni tó jókòó tì mí pé, "Ìbejì mà dáa o jàre, wọn ò jẹ́ kéèyàn ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Mi ò yí káàdì náà sẹ́yìn wò. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti fi bírò pupa kọ ọ́ pé nígbà tí Kẹ́hìndé wà lọ́mọ ọdún méjì, wọ́n fún un ní pẹnisílìnì, gbogbo ojú rẹ̀ wú, kò lè mí, díẹ̀ ló kù. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fún un mọ́ láé. Kẹ́hìndé nìkan ni o. Táíwò ń gba tiẹ̀, nǹkan kan ò ṣe é. Níbi tí kọ̀ǹpútà ti béèrè oògùn tí ara kọ̀, mo ti kọ "kò sí" fún Táíwò. "Kò sí" yẹn náà ló bá Kẹ́hìndé lọ.

Àṣìṣe nìyẹn, àbí? Ẹ jọ̀ọ́, ká ní ibẹ̀ ló parí sí ni, mi ò bá má máa kọ èyí sí yín.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìyá àgbà àwọn ọmọ náà mú Kẹ́hìndé wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọ̀nà ọ̀fun ń dùn ún, ara rẹ̀ sì gbóná. Ìyá rẹ̀ wà níbi iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà ni gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì. Ọmọ Èkìtì ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Tó bá fẹ́ gún ẹ lábẹ́rẹ́, ìbéèrè rẹ̀ á pọ̀ débi tí wàá fi máa kùn.

Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà, Dókítà ò ṣí kọ̀ǹpútà kó tó kọ abẹ́rẹ́ pẹnisílìnì fún Kẹ́hìndé. Mọ́mì bi ìyá àgbà pé, "Màmá, ṣé oògùn kankan wà tí wọ́n ní kí wọ́n má fún ọmọ yìí?"

Ìyá àgbà ní, "Èmi ò mọ̀ o, ìyá ẹ̀ ló mọ̀. Ẹ̀yin náà ṣáà ti kó gbogbo ẹ̀ sínú ẹ̀rọ yín."

Mọ́mì pe fóònù ìyá ọmọ náà, kò wọlé. Ó wá sí ọ̀dọ̀ mi, ó ní kí n ṣí ojú ìwé Kẹ́hìndé. Mo ṣí i. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi ìka tọ ibẹ̀, ó ní, "Kò sí. Ó dáa." Ẹ gbọ́ mi o, ó ṣojú mi kòrókòró.

Ó lọ fún un lábẹ́rẹ́ náà.

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mi ò lè kọ gbogbo ohun tí mo rí, ẹ jọ̀ọ́. Ojú ọmọ náà wú, ó ń mí gúlegúle, ó ń wá ọwọ́ ìyá àgbà kiri. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ mìíràn, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú, Dókítà fúnra rẹ̀ gbé e sínú ọkọ̀ kó lè gbé e lọ sí ọsibítù ńlá. Kẹ́hìndé ò dé ibẹ̀ láàyè.

Gbogbo èèyàn ti sáré jáde tẹ̀lé ọkọ̀. Ó ku èmi nìkan. Mo wọ yàrá ẹ̀yìn níbi tí a di àwọn káàdì àtijọ́ sínú àpò, mo wá ti Ìyá Ìbejì, mo yí i sẹ́yìn. Mo rí bírò pupa. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àwọn tó bá ọkọ̀ lọ pe fóònù wa tó wà lórí tábìlì, wọ́n ní ọmọ ti kú. Ẹ wá wo ohun tí mo ṣe. Ọ̀rọ̀ ìwọlé kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò lórí kọ̀ǹpútà náà, wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ sórí bébà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Kò sẹ́ni tó lè mọ ẹni tó tẹ nǹkan síbẹ̀. Mo ṣí ojú ìwé Kẹ́hìndé. Mo pa "kò sí" rẹ́. Mo kọ "pẹnisílìnì". Àpótí pupa náà yọ. Mo ki káàdì náà sínú báàgì mi.

Nígbà mìíràn mo máa ń sọ fún ara mi pé ńṣe ni mo tún àkọsílẹ̀ ṣe. Irọ́ ni. Ọmọ ti kú.

Nígbà tí Dókítà padà dé, ó pe gbogbo wa, ó ṣí kọ̀ǹpútà níṣojú wa. Àpótí pupa wà níbẹ̀. Mọ́mì bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e sójú, ó tún wò ó. Ó ní, "Dókítà, mo wò ó. Mo fi Ọlọ́run bura, mo wò ó, nǹkan yìí ò sí níbẹ̀." Ó wá kọjú sí mi. "Ọmọ mi, ṣebí ìwọ lo ṣí i fún mi? Sọ fún wọn."

Gbogbo wọn ń wò mí. Mo ní, "Mọ́mì, mo ṣí i fún yín lóòótọ́, àmọ́ èmi ò wo ohun tó wà níbẹ̀."

Ohun tí mo sọ nìyẹn. Mọ́mì ò bá mi jà.

Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Dókítà àti àwọn àgbà àdúgbò lọ bẹ àwọn òbí ọmọ náà, wọn ò gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Àmọ́ gbogbo Ìgàndò ló gbọ́. Bí Mọ́mì bá ń kọjá, wọ́n á máa nawọ́ sí i pé nọ́ọ̀sì tó pa ọmọ Ìyá Ìbejì nìyẹn. Ó kó lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ ní Baruwa. Láti ọjọ́ náà, kò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ mọ́.

Èmi ńkọ́? Wọ́n gbé mi ga. Ọsibítù kan ní Ẹ̀gbẹ́dá gbà mí pé kí n wá máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kó àkọsílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Mò ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe fi ojú ìwé ẹnì kan ṣe ti ẹlòmíràn láé, pàápàá ìbejì. Mò ń sọ fún wọn pé kí kálukú ní ọ̀rọ̀ ìwọlé tirẹ̀. Wọ́n ní mi ò kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Tí wọ́n bá yìn mí báyẹn, ilé ìyàgbẹ́ ni mo máa ń lọ sunkún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ Mọ́mì pè mí. Ó ní ara ìyá òun ò yá, pé ó ń béèrè mi. Mo fẹ́ wá àwáwí, mo fi í sílẹ̀. Mo lọ.

Mọ́mì ti rù. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní kí n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Ọjọ́ pẹ́ tí mo fi ń sọ pé mo wò ó. Mi ò mọ̀ mọ́, ọmọ mi. Ó jọ pé mi ò wò ó. Bóyá ojú mi ló ń tàn mí, bóyá àgbà ló dé."



Ó ní òun ti lọ sí Ìṣẹ̀rí lọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì. Ó ní òun kúnlẹ̀, òun sọ fún un pé òun lòun jẹ̀bi, òun ò wo àkọsílẹ̀ ọmọ rẹ̀ dáadáa. Àwọn méjèèjì sunkún. Ìyá Ìbejì gbé e dìde, ó ní òun ti foríjì í látọkànwá. Mọ́mì ní láti ọjọ́ náà lòun ti ń rí oorun sùn.

Ó wá tún dì mí lọ́wọ́ mú dáadáa. Ó ní, "Ó ku ìwọ. Lọ́jọ́ yẹn níwájú Dókítà, mo fẹ́ fa ìwọ ọmọlọ́mọ wọ ọ̀rọ̀ tí kò kàn ẹ́. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi. Foríjì mí, kí n lè lọ ní àlàáfíà."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Ó ti wà lórí ahọ́n mi. Ohun tó jáde ni pé, "Mo ti foríjì yín, Mọ́mì." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí mo fi jáde.

Ẹ bá mi rò ó. Bí mo bá sọ fún Ìyá Ìbejì, màá tún ṣí egbò ọmọ rẹ̀. Bí mo bá sọ fún Mọ́mì, mi ò mọ̀ bóyá ara rẹ̀ lè gbà á. Bí mi ò bá sì sọ ọ́, ó máa kú gẹ́gẹ́ bí apànìyàn, ó sì máa kú pẹ̀lú ìdánilójú pé òótọ́ ni. Ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bú mi bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ tètè dá mi lóhùn. Ọmọ Mọ́mì tún pè mí láàárọ̀ yìí, ó ní ìyá òun ò jẹun mọ́.