Ta Ló Di Ìbòmú Mọ́ Káfíńtà Lẹ́nu?

Alága ìjókòó, mo kí yín. Ọ̀gá dókítà, ẹni tí bàtà rẹ̀ máa ń dún kó tó dé, mo kí yín. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń gbé aláìsàn sáré bí ẹni jí ọkọ̀ gbé, ẹ̀yin tí ẹ wá torí oúnjẹ nìkan, mo rí yín, mo sì kí yín. Ẹ̀yin èèyàn mi!

Èmi olórí nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù pàjáwìrì, tí ẹ ń pè ní Màmá Mọ́wọ́-Kúrò lẹ́yìn mi, ọjọ́ ìfẹ̀yìntì mi rèé. Ẹ má bi mí ìdí tí mo fi dúró sẹ́yìn kọ́tìnì. Omijé ò jẹ́ kí n yọjú. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ń wọ́ sílíńdà gáàsì apàrora kiri, ohùn kan náà ni mo sì ń pa: ẹni tó ń jẹ̀rora ni kó fọwọ́ ara rẹ̀ di ìbòmú mú! Tó bá fà á tó, oorun á kùn ún, ọwọ́ á rọ, ìbòmú á já bọ́, á tún máa mí afẹ́fẹ́ gidi. Ìyàwó kì í bá ọkọ dì í mú. Dókítà gan-an, kó mọ́wọ́ kúrò! Ẹni tó fàyà gbá nǹkan tàbí tó forí ṣèṣe, ẹ má tíì fún un. Kí ẹ sì ṣí fèrèsé, kí nọ́ọ̀sì má bàa máa bá aláìsàn rẹ́rìn-ín òmùgọ̀. Àbí mo purọ́?

Àbùkù kan ló kù lára mi. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní mo di ìbòmú mọ́ káfíńtà kan tó kán lẹ́sẹ̀ lẹ́nu, títí èémí rẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ dá. Ọ̀gá dókítà kọ lẹ́tà ìbáwí; ó wà nínú fáìlì mi dòní. Ẹni tó fi ọdún márùndínlógójì pariwo ihò kan, ṣé òun náà ló máa wá já sí i?

Màmá ò ṣe é. Èmi ni.

Ohùn Màmá ni mo ń sín jẹ láti ẹ̀yìn kọ́tìnì; bàbá mi ni káfíńtà yẹn. Gáàsì ń mú wọn kọrin ìfẹ́ fún fáànù òkè àjà, mo sì fẹ́ kí orin náà máa lọ. Ọwọ́ wọn rọ, ìbòmú já bọ́. Mo gbé ìbòmú padà, mo dì í pinpin. Orin dákẹ́, èmi ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ni Màmá bá fò wọlé: “Mọ́wọ́ kúrò!” Nígbà tí ọ̀gá dókítà ń bi Màmá léèrè, Màmá wojú mi, wọ́n ní, “Wọ́ọ̀dù mi ni, ẹjọ́ mi ni.” Ẹni da eérú leérú ń tọ̀, àbí? Èyí tí mo dà, ọ̀dọ̀ Màmá ló lọ.

Ẹ wẹ̀yìn, àwọn gan-an ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìtọ̀ dé. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ó ku díẹ̀. Ọ̀gá dókítà, ẹ fa lẹ́tà yẹn ya, kí ẹ kọ tèmi. Kí ẹ̀mí Màmá gùn, kí ara wọn le, kí ẹnikẹ́ni má fi ohun tí wọn ò ṣe sin wọ́n lọ sílé.

Èmi ọmọ káfíńtà ló kọ ọ́, èmi ló kà á. Màmá, mo ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: mo ti ń mọ́wọ́ kúrò lára makirofóònù.

Ẹ ṣé o.