Ọwọ́ Tí Oòrùn Yà

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí àwọ̀ mẹ́ta péré ni ẹnu àwọn baba wa mọ̀, funfun, pupa àti dúdú, tí gbogbo ohun tí ojú bá rí gbọ́dọ̀ wọ ilé ọ̀kan nínú wọn, obìnrin kan wà nílùú Ìdí-Àpáta. Ẹfúntádé lorúkọ rẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ máa wo ara yín lójú. Ìyá àwọn ìyá àwọn baba wa ni, òun ló sì tẹ ìdílé yìí dó, kì í ṣe ọkùnrin. Bí inú bá ń bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin ọkùnrin, kó lọ fẹjọ́ mi sùn níbi tó bá wù ú.

Ògiri kíkùn niṣẹ́ Ẹfúntádé. Bí wọ́n bá kọ́lé tuntun, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Á lọ ẹfun, á lọ osùn, á gún èédú títí yóò fi kúnná, á fi omi pò wọ́n, á wá bẹ̀rẹ̀. Ó ń kùn, ó ń kọrin. Ó ń kọrin, ó ń kùn. Ó máa ń sọ pé àwọ̀ kì í dá sọ̀rọ̀. Pupa tó dá wà, ariwo lásán ni. Gbé funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di ọ̀rọ̀. Fẹ́yíṣayọ̀, ìwọ tí o kó àwọ̀ mọ́kànlá jọ sórí káàdì ìkómọ kan ṣoṣo lánàá, ṣé ò ń gbọ́?

"Mò ń gbọ́, Bàbá. Oníbàárà ló ní kí n ṣe é bẹ́ẹ̀."

Oníbàárà! Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ọkọ Ẹfúntádé ni Ògúnrìndé, alágbẹ̀dẹ tí ọwọ́ rẹ̀ le bí irin, tí ọkàn rẹ̀ sì rọ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n tíì bí nígbà náà, Àríkẹ́. Àwọn ọmọ tí àwa ti ara wọn wá, ẹ̀yìn gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n dé. Ọmọ náà ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, kò tíì rìn, nígbà tí ọba ìlú kan lókè odò ránṣẹ́ wá pé òun ń fẹ́ alágbẹ̀dẹ tí yóò rọ irin ẹnubodè òun. Ògúnrìndé kó ẹwìrì àti ọmọ owú rẹ̀, ó di ọmọ náà mú fún ìgbà díẹ̀, ó ní òun ń bọ̀ láìpẹ́. Àmọ́ iṣẹ́ ọba, ta ló ń mọ ọjọ́ tí yóò parí? Ó ṣe ọdún kan, ó ṣe ọdún méjì, ó ṣe ọdún mẹ́fà gbáko, Ògúnrìndé kò dé.

Lọ́dún kẹfà yẹn, ní ìgbà ọyẹ́, ará Tápà kan tó ń ta káún, Sùmáílà lorúkọ rẹ̀, ń kọjá lọ, ẹsẹ̀ dídùn sì dá a dúró ní Ìdí-Àpáta. Ẹfúntádé gbà á sílé, ó ń fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ náà títí ó fi san. Nígbà tí àlejò ń lọ, ó yọ ìdì pẹlẹbẹ kan nínú àpò rẹ̀, ó ní òun kò ní ohun mìíràn tí òun lè fi dúpẹ́. Tákàdá ni. Ohun tí ẹ̀yin ń pè ní bébà yìí, tákàdá la ń pè é nígbà náà.

Ẹfúntádé fi ọwọ́ pa á. Ó gbé e sí imú. Ó gbé e sókè, ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá sí ojú rẹ̀. Ó kígbe, ó ní, "Ògiri téèyàn lè ká sábẹ́ apá rèé!"

Ó wá fẹ́ kùn ún. Ó fi ẹfun sí i, ẹfun gbẹ, ó bọ́ sílẹ̀. Ó fi osùn sí i, osùn jókòó lé e bí eruku. Ó fi èédú sí i, gbogbo rẹ̀ dọ̀tí. Ó sùn lé e, ó jí lé e. Níkẹyìn ó gún ajó, ìyẹn atalẹ̀ pupa tí inú rẹ̀ pọ́n bí pupa inú ẹyin adìẹ, ó fún omi rẹ̀, ó fi pa tákàdá náà lára. Omi náà wọlé, kò sì jáde mọ́. Wọ́n ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ti tákàdá àti ajó kò tiẹ̀ pẹ́ rárá. Ibi tí a kùn ló ń sọ ohun tí àwọ̀ yóò dà, ẹ jẹ́ kí ìyẹn wọ̀ yín létí. Bánjókò ọmọ mi, kò yẹ ká tẹ ìkéde òkú arúgbó sórí bébà tó ń dán yinrin bí ẹni fi òróró para.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sórí ìtàn."

Mo wà lórí ìtàn. Ìwọ lo kúrò níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, Ẹfúntádé tẹ́ ọ̀kan nínú tákàdá aláwọ̀ ajó náà sórí àpáta pẹlẹbẹ kó lè gbẹ, lẹ́bàá ilé kan tó ń kùn. Àríkẹ́ ti di ọmọ ọdún méje nígbà náà. Ó jẹun ọ̀sán tán, ó na ara rẹ̀ sábẹ́ igi odán. Orí rẹ̀ wà lábẹ́ òjìji, apá rẹ̀ kan yọ sínú oòrùn, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì balẹ̀ sórí tákàdá náà. Oorun gbé e lọ. Ọ̀sán ọjọ́ náà, wọ́n ní kò jọ ọ̀sán. Ọyẹ́ rọra ń fẹ́, òkè ọ̀ọ́kán ń mì lójú bí ohun tó wà nísàlẹ̀ omi, ẹyẹ kò ké, ewé kò já. Eruku dúró sínú afẹ́fẹ́, kò wálẹ̀, kò gòkè. Ìyá ń kùn, ó ń bojú wo ọmọ, ó ń kùn, ó ń bojú wo ọmọ, kò sì fẹ́ jí i. Ó dà bí ẹni pé gbogbo ayé ń lá àlá kan náà, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ kó tán.

Nígbà tí oòrùn yí sí ìwọ̀, Àríkẹ́ jí, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó sì pariwo.

"Ìyá mi! Ìyá mi, ẹ wá wò ó! Mo gbàgbé ọwọ́ mi síbí!"

Òótọ́ ni. Oòrùn ti jẹ àwọ̀ gbogbo tákàdá náà, ó ti di funfun báláú, àfi ibi tí ọwọ́ ọmọ náà bò. Ọwọ́ Àríkẹ́ wà níbẹ̀, pupa bí inú ẹyin adìẹ, àtẹ́lẹwọ́ àti ìka márààrún. Ṣùgbọ́n ìka tó kéré jù rí méjì, ọ̀kan pọ́n, èkejì ṣá, nítorí ọmọ náà mira lójú oorun. Ẹ̀yin ń pe ìyẹn ní fọ́tò tó mì, ẹ sì máa ń pa á rẹ́. Kò tíì sí ẹni tó rí kámẹ́rà nígbà náà o, oòrùn ti ń ya àwòrán fún ìdílé yìí.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá fi ewé odán dán irú rẹ̀ wò. Ewé náà jáde, ó dára, Ẹfúntádé gbé e kọ́ sí ara ògiri níta kí àwọn ará ilé lè rí i. Kí alẹ́ tó lẹ́, ewé ti lọ, tákàdá ti funfun láti etí dé etí. Ẹfúntádé wá mọ̀ pé ohun tí oòrùn fi ọ̀sán kan ṣe, oòrùn yóò fi ọ̀sán kan jẹ ẹ́. Ló bá fi aṣọ dúdú wé tákàdá tí ọwọ́ Àríkẹ́ wà lára rẹ̀, ó gbé e sínú ìkòkò nínú yàrá, ó dé e pa. Inú yàrá ṣíṣú yẹn nìkan ló ti ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, ibà kan wọ ìlú. Àríkẹ́ sùn, kò jí.

Àwọn èèyàn wá, wọ́n ń ṣe é pẹ̀lẹ́, wọ́n ń sọ ohun tí a máa ń sọ. Wọ́n ní, "Ẹfúntádé, mú ọkàn le. Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

Ẹfúntádé ní, "Omi náà ni mò ń wá."

Láti ọjọ́ náà, ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, yóò wọ yàrá, yóò ṣí ìkòkò, yóò wo ọwọ́ náà díẹ̀, yóò sì tètè bò ó. Kò sí ohun mìíràn tó kù nínú ọmọ náà láyé yìí, àfi tákàdá kan tí kò gbọdọ̀ rí oòrùn.

Ẹnu ọ̀rọ̀ yìí la wà tí Ògúnrìndé fi dé. Iná àgbẹ̀dẹ ọba ti jẹ ẹ́ lójú. Bó bá wọ inú ilé, kò rí nǹkan kan. Àárín oòrùn gangan nìkan ló ti ń rí, ìyẹn náà bí ẹni ń wo nǹkan láàárín èéfín. Wọ́n sọ fún un pé ọmọ ti lọ. Ẹni ọmọ sin ló bímọ, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má jẹ́ kí n sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀.

Ó ní, "Báwo ló ṣe rí?" Wọ́n ní ó ga, ó ní èjí, ẹ̀rín rẹ̀ pọ̀. Ògúnrìndé mi orí. Ó ní, "Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ìròyìn ò tó àfojúbà."

Ẹfúntádé gbọ́, ojú rẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá. Ìyá ọkọ rẹ̀, tó mọ ohun tó wà nínú ìkòkò, fà á sẹ́yìn ilé. Ó ní, "Ìyàwó mi, má sọ fún un o. Kò lè rí i nínú yàrá. Bí o bá sì gbé e jáde, o ti sin ọmọ yẹn lẹ́ẹ̀kejì."

"Bàbá, kí ló dé tí kò fi èédú fa ìlà yí ọwọ́ náà ká, kó tó gbé e jáde?"

Fẹ́yíṣayọ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ náà bi í bẹ́ẹ̀. Ṣé o mọ ohun tó fèsì? Ó ní, "Bí mo bá fà á, ọwọ́ tèmi la ó máa wò, kì í ṣe tirẹ̀." Ẹ gbọ́ o! Àwa tí à ń ya fọ́tò, àwa tí à ń ya àwòrán, ká má da méjèèjì pọ̀ mọ́ra wọn.

Ọjọ́ mẹ́fà ni Ẹfúntádé fi pa ẹnu mọ́. Ó ń dáná, ó ń gbálẹ̀, ìkòkò náà wúwo lọ́kàn rẹ̀. Ní ọjọ́ keje, ó jáde sí ojúde, ó bá ọkọ rẹ̀ níbi tó dúró sí. Ògúnrìndé na ọwọ́ síwájú, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́. Ó ń gbé e sókè díẹ̀, ó ń gbé e wálẹ̀ díẹ̀.

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ aya rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Àríkẹ́, ṣé ibí ló ga dé? Àbí ibí?"

Ẹfúntádé di ọwọ́ náà mú, ó rọ̀ ọ́ sílẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ibí." Lẹ́yìn náà ó wọ yàrá lọ, ó gbé ìkòkò jáde. Ìyá ọkọ rẹ̀ ké, "Ẹfúntádé!" Ẹfúntádé gbé e dé iwájú ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Àríkẹ́, ẹ jókòó. Nǹkan kan wà tí mo fi pa mọ́ fún yín. Èmi àti ẹ̀yin la jọ ni ín."

Ó ṣí aṣọ dúdú náà ní ọ̀sán gangan, ó tẹ́ tákàdá sórí itan ọkọ rẹ̀. Ògúnrìndé tẹ orí ba, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan án. Ó wò ó, ó wò ó. Oòrùn náà ń wò ó.

Ó ní, "Kí ló dé tí ìka yìí fi jẹ́ méjì?"

"Ó mira lójú oorun ni."

Ògúnrìndé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, omijé sì ń bọ́ sórí irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ń sọ ọ́ lásọtúnsọ, "Ó mira! Ẹ wò ó, ó mira!" Ẹfúntádé kò wo tákàdá náà rárá, ojú ọkọ rẹ̀ ló ń wò. Àwọ̀ náà ń ṣá, ó ń ṣá lọ, ó dà bí ìgbà tí ọmọ bá rọra fa ọwọ́ rẹ̀ yọ nínú ọwọ́ èèyàn kó má baà jí i. Nígbà tí àwọn ewúrẹ́ ń wọlé, tákàdá ti funfun.

"Ìyá Àríkẹ́, ṣé ó ti lọ?"

"Ó ti lọ."

Ògúnrìndé ní, "Mo rí i." Ó rọra ká tákàdá náà, ó fún aya rẹ̀.

Ẹfúntádé kò kun ògiri kankan títí ọyẹ́ mìíràn fi dé. Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ilé tiwọn fúnra wọn ló kọ́kọ́ kùn. Ó kùn ún, ó fi òkúta dán an títí ó fi ń yọ̀, ṣùgbọ́n ó fi ibì kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn, kò kùn ún, kò dán an, ó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ọdún méje. Àwọn aládùúgbò ní iṣẹ́ náà kò parí. Ó ní ó parí. Ojú Ògúnrìndé ti kú pátápátá nígbà náà. Láràárọ̀, bó bá ń jáde, yóò fi ọwọ́ wọ́ ara ògiri, ọwọ́ náà yóò máa yọ̀ lọ, yóò máa yọ̀ lọ, títí yóò fi kan ibi tó rí ṣákaṣàka yẹn. Yóò dúró níbẹ̀. Yóò tẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ lé e, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Ìdí nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ Ẹfúntádé, tí iṣẹ́ kankan kì í fi í ti ilé wa jáde kó kún dẹ́nu. Ìbáà ṣe ògiri, ìbáà ṣe kàlẹ́ńdà, ìbáà ṣe pósítà, a máa ń fi àyè kan sílẹ̀ tí a kì í fi àwọ̀ kàn, tí a kì í fi lẹ́tà kàn. Àwọn tó kàwé lóde òní ń yìn wá pé ojú ń rí ibi sinmi nínú iṣẹ́ wa. Ó dáa, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá ní kí ẹ fi nǹkan dí àyè náà, ẹ rọra sọ fún un pé ẹnì kan wà níbẹ̀. Bí kò bá gbà, ẹ jẹ́ kó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ síbòmíràn.

Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn tó jù mí lọ nìyẹn, mo ti gbé e lé yín lọ́wọ́. Ó yá, ẹ dìde. Oòrùn ṣì wà níta.